Ogún

Ọ̀mọ̀wé Ọdúnúgà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó ń wọ́ bí ejò lójú pátákó,
ó ní, "Ìgbì nìyí."
Ọgọ́fà ènìyàn la há sínú gbọ̀ngán, fáànù méjì péré ló ń ṣiṣẹ́.
Èyí tó wà lókè orí mi ń mì, ó ń kùn,
mo ń bẹ Ọlọ́run kí òun náà má di àpẹẹrẹ.

Ìgbì kọ́. Mo fẹ́ nawọ́, mi ò nà án.
Ọmọ tí wọ́n bí sétí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́
mọ̀ pé ìgbì kì í dúró kí wọ́n yà á.
Mo mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀,
mo mọ̀ ọ́n lára gígé sílípáàsì tí a so mọ́ àwọ̀n kó lè léfòó:
ìgbì á gbé e sókè,
á sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tó ti gbé e.

Síbi tó ti gbé e.
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ Ọ̀mọ̀wé ti gbá mi mú.
Ó ní omi kì í bá ìgbì rìn.
Ó kàn ń dìde, ó ń wólẹ̀,
bí èrò mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀,
olúkúlùkù lórí ẹní tirẹ̀,
síbẹ̀ nǹkan kan ti la àárín wọn kọjá.
(Ti mọ́sáláṣí yẹn, èmi ni mo fi kún un.)

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi rò pé omi ló ń lọ.
Mo bi Bọ̀dá Músílíù tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ó rẹ́rìn-ín:
"Bómi bá ń bá ìgbì lọ,
ṣebí ọ̀sà ì bá ti tán ní Ẹ̀pẹ́, kó lọ kún Èkó."

Iṣẹ́ ilé: ẹ so nǹkan rọ̀, ẹ fì í, ẹ ka ogún.
Mo tú àwọ̀n tí bàbá mi fi sílẹ̀
(ogún tí mo jẹ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjé mọ́kànlá àti ọkọ̀ tó lu),
mo fi okùn ọ̀rá so òjé kan mọ́ igi àjà, mítà kan gééré.
Mo jọ̀wọ́ rẹ̀.
Èéfín ẹja tí ìyá mi ń yan wọ̀ mí lójú ní ìkẹtàdínlógún,
mo bẹ̀rẹ̀ padà.
Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, ó lé díẹ̀.

Mo yọ òjé, mo so ìkarahun ìgbín sípò rẹ̀.
Mo ní èyí tó fúyẹ́ á sáré.
Kò sáré.
Ìgbà kan náà!
Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta,
bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tó pọ̀ jù.
Gígùn okùn nìkan ló ń pàṣẹ, ìwúwo ò rí nǹkan kan sọ.
Ìyá mi sáré jáde, "Ta ló kú?"
Àṣé mo ti kígbe.

Ìwé ní ìdáhùn fẹ́ẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá, tèmi lé díẹ̀ ní mẹ́sàn-án ààbọ̀.
Ọ̀mọ̀wé fi bírò pupa kọ ọ́ sí i: "Ìyókù dà?"
Atẹ́gùn ọ̀sà ló jẹ ẹ́, sà.

Lóru tí ìdánwò ku ọ̀la,
mo kàn án nínú ìwé: ẹ ka iye ìgbà tí nǹkan gbọ̀n.
Mo fi ìka kan ọ̀fun mi.
Mo ní, ìgbà.
Mo ní, igbá.
Ó gbọ̀n, ó tún yára gbọ̀n sí i.
Àárín àkókò àti ohun tí a fi ń mumi,
kò ju kí ọ̀fun yára díẹ̀ lọ.
Ta ló kọ́ mi ní ìṣirò yìí kí n tó hu eyín?

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ní ohun gbogbo tó ń fì ni yóò dákẹ́,
ó ní a lè kọ bó ṣe ń dákẹ́ sílẹ̀, ní ìlà kan.
Mo ti dá òjé padà sórí okùn. Ìyá mi ò tú u.
Bó bá ń lọ sídìí ààrò láfẹ̀mọ́júmọ́,
á fi èjìká kàn án, bí ẹni tí ò mọ̀ọ́mọ̀,
igi àjà á bẹ̀rẹ̀ sí dún.
Mo ń kà á láti orí ẹní mi:
ọ̀kan,
èjì.